Ọwọ́ Tó Ń Kọ́ Apá Ní Iṣẹ́

Ẹ wo ìyá àgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá ọ̀tún. Oníṣẹ́ físíò á gbé ọwọ́ kan sábẹ́ ìgúnpá rẹ̀, á fi èkejì di ọrùn ọwọ́ mú, á rọra nà án, á ní, “Ẹ bá mi tì í, Mọ́mì. Ẹ tún tì í.” Títí ìka kan á fi mira. Inú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á dùn.

Àwọn kan ní ìfọwọ́ra lásán ni. Rárá o! Ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí láti 1966, akẹ́kọ̀ọ́ á ti mọ egungun, iṣan àti ọpọlọ dunjú kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Lẹ́yìn oyè, ó ku ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá nílé ìwòsàn, kó tó lọ sìnlú.

Iṣẹ́ wà fún wọn: ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ilé aláìsàn gan-an. Ọ̀pọ̀ ti gba Ìlú Ọba lọ, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Kí ìjọba sanwó tó yẹ wọ́n, kó sì rán wọn dé ìgbèríko, níbi tí wọ́n ti ṣọ̀wọ́n bí ojú.