Ìdánwò tí àkọ́sórí nìkan ò lè gbani níbẹ̀

Ìwé ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ìtàn àròsọ, kì í sì í ṣe ewì. Irú ìwé tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò GED ní Amẹ́ríkà ni, pàápàá fún apá ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Àwọn ènìyàn wa wà ní Houston, ní Chicago, ní Brooklyn, tí wọ́n ń fi ọjọ́ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fi òru kàwé, torí pé wọn ò parí sẹ́kọ́ńdírì kí wọ́n tó ré òkun kọjá. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni kò ní ṣí fún wọn láìsí ìwé ẹ̀rí yẹn.

Ní 1942 ni wọ́n dá ìdánwò náà sílẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun tí ogun gbé kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́. Láti 2014, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. 70 ìṣẹ́jú ni wọ́n fún apá ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 100 dé 200, ẹni tó bá gba 145 ti yege. Ìjọba àti ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ló gba ìdajì iṣẹ́ náà, ìtàn Amẹ́ríkà gba 20%, ọrọ̀ ajé gba 15%, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àgbáyé gba 15% tó kù.

Ohun tí mo bá àwọn ìwé ìmúrasílẹ̀ jà lé lórí rèé: púpọ̀ nínú wọn ń to ọdún àti orúkọ Ààrẹ bí ẹni to iṣu sí abà. Òǹkàwé á wá rò pé bí òun bá ti kó gbogbo rẹ̀ sórí, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àyọkà ni ìdánwò náà máa ń gbé síwájú ènìyàn, tàbí máàpù, tàbí àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn. Á wá béèrè pé: kí ni òǹkọ̀wé yìí gbà gbọ́? Èwo ni òótọ́ tó ṣeé yẹ̀ wò, èwo sì ni èrò tirẹ̀? Ìdánwò ìwé kíkà ni, aṣọ ìtàn ló kàn wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan gbè é lẹ́sẹ̀. Ní 1787, nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà ní Philadelphia, wọ́n jà lórí iye ènìyàn tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa kà kí wọ́n tó pín àga Ilé Aṣojú-ṣòfin. Wọ́n fẹnu kò pé ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún iye àwọn ẹrú ni wọ́n máa kà. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù wá gba àga kún àga lórí àwọn tí kò lè dìbò. Ṣùgbọ́n ẹ ka gbólóhùn náà látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ "ẹrú" níbẹ̀. "Àwọn ènìyàn mìíràn" ni wọ́n pè wọ́n. Ó di 1865, nígbà tí àtúnṣe kẹtàlá fòpin sí i, kí ọ̀rọ̀ oko ẹrú tó wọ inú ìwé òfin yẹn. Àwa náà ní irú èdè bẹ́ẹ̀: ọba kì í kú, ńṣe ló ń wàjà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni tiwa, ìbòmọ́lẹ̀ ni tiwọn. Ẹni tó kọ́ "1787" sórí lásán á ka àyọkà náà kọjá, kò ní mọ̀ pé àwọn ará Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń sọ.

Ìṣòro mìíràn wà fún ọmọ Nàìjíríà. Láti 1979 la ti ń lo irú ìjọba Ààrẹ tí a wò láti Amẹ́ríkà, nítorí náà a rò pé a ti mọ ilé náà tinú tòde. Ọ̀rọ̀ tó jọra ló máa ń tanni jẹ jù. Ẹni tí àwa ń pè ní mínísítà, sẹ́kítírì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, sẹ́kítírì sì rèé, ẹni tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nílé, méjì péré ni lọ́hùn-ún. Nílé, kò sẹ́ni tó lè di Ààrẹ láìní ìbò tó pọ̀ jù. Lọ́hùn-ún, ìbò 270 nínú 538 ti àwọn aṣojú olùdìbò ló ń gbé ènìyàn wọlé. Ìdí nìyí tí ẹni tí ìbò ará ìlú rẹ̀ kéré fi wọlé ní 2000 àti 2016.

Báwo wá ni ká ṣe múra? Ẹ lo èdè yín jàre. Ọmọ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín "mo rí i" àti "wọ́n ní". Ó sì mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹ bá ka àyọkà kan tán, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́ sókè: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń sọ ọ́ fún, kí ló ń fẹ́? Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ ò tíì kà á.

Mo yin ìdánwò yìí torí pé ó ń béèrè òye. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀sùn kan sí i. Nígbà tó kọ́kọ́ dórí kọ̀ǹpútà, 90 ìṣẹ́jú ni, àròkọ kan sì wà níbẹ̀ tí ènìyàn á fi ro ẹjọ́ ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Ní 2016 wọ́n yọ àròkọ náà kúrò. Lóòótọ́, ó rọ ọ̀pọ̀ lọ́rùn. Àmọ́ nínú iṣẹ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, ibi tí àgbàlagbà ti lè fẹnu ara rẹ̀ sọ tinú rẹ̀ ni wọ́n mú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ẹ ṣì máa ní kí wọ́n kọ ọ́, bí kò tilẹ̀ sí máàkì fún un.