Èèpo Ọsàn Xinhui

Ní Xinhui, ní ìpínlẹ̀ Guangdong lápá gúúsù Ṣáínà, èèpo ni ojúlówó ọjà lára ọsàn. Ọsàn kékeré ni, irú tanjaríìnì kan. Bí wọ́n bá bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sá a, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, orúkọ rẹ̀ á di chenpi, ìyẹn èèpo tó ti pẹ́. Chanpei ni àwọn tó ń sọ èdè Cantonese ń pè é.

Ọ̀bẹ kékeré ló ń ṣíwájú. Abósàn á gbé èso lé àtẹ́lẹwọ́, á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà mẹ́ta láti ìkángun kan, á sì dáwọ́ dúró kó tó kan ìkángun kejì. Ìlà náà kò gbọdọ̀ jìn: bí ọ̀bẹ bá kan inú, omi ọsàn á tú sára èèpo, á sì bà á jẹ́. Àtàǹpàkò á wá wọ abẹ́ èèpo, á máa rọra ṣí i. Ohun tó kù lọ́wọ́ abósàn ni ewé mẹ́ta tí ìdí wọn ṣì so pọ̀.

Èèpo tútù máa ń ya bí a bá fi ipá tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i títí á fi rọ̀, kí wọ́n tó yí inú rẹ̀ síta. Ojú funfun ló ń kọjú sí oòrùn. Ojú kejì, tí òróró olóòórùn dídùn ń gbé nínú kókó rẹ̀ wínníwínní, fara pa mọ́ sínú. Wọ́n á tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sórí atẹ oparun. Èèpo ọsàn tí kò tíì pọ́n fẹ́lẹ́, ó sì korò. Ti oṣù Kejìlá, tó ti pọ́n, nípọn, ó sì dùn.

Gbígbẹ nìkan kò sọ ọ́ di chenpi. Ó gbọ́dọ̀ pé ọdún 3, ó kéré tán. Ọ̀rinrin lè mú kó bu, kòkòrò sì lè jẹ ẹ́, torí náà wọ́n ń kó o jáde sá padà, wọ́n ń ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú funfun ń ṣú, tí òórùn tó ń ta nímú ń rọlẹ̀.

Àgbègbè mẹ́rin, Xinhui, Taishan, Kaiping àti Enping, ni wọ́n ń pè ní Siyi. Lẹ́yìn tí wọ́n rí wúrà ní California ní 1848, láti Siyi ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Ṣáínà tó wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ ti wá. Wọ́n wà lára àwọn tó la òkè Sierra Nevada fún ọ̀nà rélùwéè tó parí ní 1869. Èèpo yìí fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́ lọ́nà àjò. Títí dòní ni wọ́n ń tà á ní San Francisco.

Nínú ilé ìdáná níbẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi. Ewé mẹ́ta náà á là padà, ìdí wọn ṣì so pọ̀ bí abósàn ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀bẹ kejì á ha ojú tó funfun tẹ́lẹ̀ kúrò, á rẹ́ èèpo wẹ́wẹ́ bí òwú, èèpo á sì bọ́ sínú ẹ̀wà pupa tó ń hó lórí iná.