Bí Iyè Ènìyàn Bá Rẹlẹ̀: Èrò Carl Jung Lójú Alfa



Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ wa ń kà bọ̀ láti yunifásítì, ó sì yẹ kí àwa alfa fi ojú kèwú wò ó. Pierre Janet, ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́; Carl Jung, ará Switzerland tí ó kú ní 1961, ni ó gbé e káàkiri. Wọ́n ní iyè ènìyàn ní ìwọ̀n, bí omi kànga. Àárẹ̀, àìsàn, ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ lè fà á wálẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀, ohun tó ti rì sísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Òótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ṣebí àwa náà máa ń wí pé iyè lágbájá ti ra? Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn Jung ni pé ó so ó mọ́ irú ènìyàn. Ó rìnrìn àjò dé Kenya àti Uganda ní 1925. Nínú ìwé rẹ̀, àwọn tí ó kà sí aláìlajú, iyè wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti ará Yúróòpù. Kí ni yóò wá wí sí ti Al-Ghazali? Ní ọdún 488 Hijra, èyí tí í ṣe 1095, olùkọ́ àgbà ni ní Nizamiyya ti Baghdad. Ahọ́n rẹ̀ dì, kò lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, oúnjẹ kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Àwọn oníṣègùn ní láti inú ọkàn ni, apá wọn kò ká a. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú Al-Munqidh. Ẹrù ló wúwo o, kì í ṣe àwọ̀ ara.

Jung ní kí a wá ìtumọ̀ ohun tó bá jáde nígbà tí iyè bá rẹlẹ̀. Dókítà ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Tiwa ní ìdájọ́. Hádíìsì fi yé wa pé a gbé gègé kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, wèrè títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Àwọn onímọ̀ fi ẹni tó dákú mọ́ wọn. Ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ kò mú, ẹ̀rí rẹ̀ kò dúró.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe. Ọmọbìnrin kan á ṣubú níbi àdúrà òru, á máa fọ ohùn mìíràn, á dárúkọ ìyá àgbà kan pé òun ló ń da òun láàmú. Ẹdúnàbọ̀n wa kò tóbi. Orúkọ tí wọ́n bá dá lóru, ọjà ti gbọ́ ọ láàárọ̀. Àwọn alfa kan á ní àlùjànnú ló sọ̀rọ̀, pé ó ń rí ohun tí a kò rí. Ó dáa, ká gbà bẹ́ẹ̀. Fíkíhì ní kí ẹlẹ́rìí jẹ́ olódodo. Àlùjànnú wo ni a ti wádìí ìwà rẹ̀ rí? Nínú hádíìsì Abu Hurayra, èyí tó wá jí oúnjẹ Sàká sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ Ànábì pè é ní òpùrọ́.

Alfa tó bá wà níjokòó ni kí ó kọ́kọ́ dá wọn lẹ́kun, kí ẹnikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn ìyá náà. Kí wọ́n ka Àlùkùránì sí ọmọ náà lára, kí wọ́n má nà án, kí wọ́n jẹ́ kí ó sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ní Ifẹ̀.