Àlọ́ Ìjàpá àti Ìmọ̀ Ọkàn ní Sabon Gari

Ó yẹ ká yin àwọn ìyá Yorùbá tó ń pàlọ́ fún ọmọ ní Sabon Gari, ìlú Kano, àdúgbò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará Gúúsù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Iṣẹ́ wọn jinlẹ̀ ju eré ọmọdé lọ.

Ní 1923, Sigmund Freud, oníṣègùn ará Vienna, pín ọkàn ènìyàn sí mẹ́ta: ìfẹ́-inú tí kò mọ sùúrù, ohùn òbí àti àwùjọ tó ń kìlọ̀, àti làákàyè tó ń làjà láàárín wọn. Ní 1976, òǹkọ̀wé Bruno Bettelheim fi ìmọ̀ náà ka àlọ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Ó ní àlọ́ ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti kojú ẹ̀rù àti ìlara inú rẹ̀.

Ẹ wo Ìjàpá nínú àlọ́ tiwa náà. Yánníbo, aya rẹ̀, ń wá ọmọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó kìlọ̀ pé Ìjàpá kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ wú. Ìfẹ́-inú ló borí, ìkìlọ̀ babaláwo kò ríbi wọlé. Ọmọ tó ń gbe orin àlọ́ yẹn ń dá Ìjàpá lẹ́jọ́, ó sì ń mọ ọ̀kánjúwà tirẹ̀, láìjẹ pàṣán.

Àwọn Hausa náà ní Gizo, aláǹtakùn alárékérekè. Ọmọ tó gbọ́ méjèèjì mọ̀ pé ọkàn ènìyàn kò ní ẹ̀yà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pa tẹlifísàn lálẹ́ òní, kí ẹ pàlọ́ fáwọn ọmọ yín.