Ọyẹ́, Ọdún àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Rédíò

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ lámèyítọ́ láàrin wa, ewì, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ ni ọkàn àwọn ènìyàn máa ń lọ sí. A kì í sábà ka ìkéde ojú ọjọ́ kún ohun tí ó yẹ kí ènìyàn jókòó tì, kí ó tú u palẹ̀, kí ó sì dá a lẹ́jọ́. Lójú tèmi, èyí kò dára tó. Ìkéde ojú ọjọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan tò fún etí ẹlòmíràn; ó ní olùsọ, ó ní olùgbọ́, ó ní ìlò èdè tirẹ̀, ó sì ní ète tí ó fẹ́ mú ṣẹ. Àwọn tí ń gbọ́ ọ pọ̀ ju àwọn tí ń ka ewì lọ fíìfíì. Bí akéwì bá ṣi ọ̀rọ̀ lò, etí ni yóò ta ni. Bí olùkéde ojú ọjọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ lò ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, ó lè kan ẹ̀mí.

Ìlú Àyèká ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì, àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Bìní, ní Wọ̀rí àti ní Àbújá a bẹ̀rẹ̀ sí í darí wálé. Àwọn tí ń bọ̀ láti Èkó yóò gba òpópónà Ṣàgámù sí Bìní, wọn yóò yà ní Ọ̀rẹ̀, wọn yóò sì dojú kọ Òkìtìpupa. Ọ̀pọ̀ wọn ni í gbéra ní ìdájí kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má baà dá wọn dúró. Wákàtí yìí gan-an ni ojú ọ̀nà máa ń ṣókùnkùn jù ní àsìkò ọyẹ́. Nílé, àwọn tí ń retí wọn ní oko ọ̀pẹ tí ó ti gbẹ, wọ́n ní iná pupuru tí ń jó ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ní arúgbó àti ọmọdé tí ọyẹ́ kò dára fún àyà wọn. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni olùgbọ́ tí mo ní lọ́kàn bí mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ rédíò wò.

Kí a tó dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ̀fúùfù méjì ni ó ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkun, ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn; omi ni ẹrù tí ó rù wá. Èkejì ń fẹ́ bọ̀ láti inú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ìhà àríwá ìlà oòrùn; gbígbẹ ni òun, eruku sì ni ẹrù tirẹ̀. Òun ni a ń pè ní ọyẹ́. Púpọ̀ nínú eruku yìí ni ó ń ti ilẹ̀ kòtò kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé wá, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti wà nígbà láéláé kí ó tó gbẹ. Afẹ́fẹ́ a fún ara rẹ̀ gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi, agbára rẹ̀ a sì pọ̀ sí i, a gbọn eruku náà sókè, a sì gbé e wá sọ́dọ̀ wa láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Ibi tí ẹ̀fúùfù méjèèjì ti pàdé kì í dúró lójú kan. Nínú oṣù Kẹjọ, ó máa ń lọ títí dé nǹkan bí ìlà 20 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ní etí Sàhárà. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé tòsí etíkun wa. Àárín ìlà 6 sí ìlà 7 ni Àyèká wà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnu ààlà gan-an ni ó jókòó sí nígbà ọdún. Ní Kánò tàbí ní Màídúgùrì, kò sí ẹni tí ó nílò kí a sọ fún òun pé ọyẹ́ yóò wà nínú oṣù Kìn-ín-ní. Ní Àyèká, ọyẹ́ lè mú fún ọjọ́ mẹ́ta títí ètè gbogbo ènìyàn yóò fi là. Ní ọjọ́ kẹrin, kí afẹ́fẹ́ òkun tún padà dé, kí ooru mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára. Onílé ni ọyẹ́ ní òkè Ọya. Àlejò ni ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Àlejò ni ènìyàn sì máa ń fẹ́ mọ ọjọ́ tí yóò dé àti ọjọ́ tí yóò lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní ẹnu ààlà ni ó nílò àsọtẹ́lẹ̀ jù, òun náà ni àsọtẹ́lẹ̀ sì ṣòro fún jù.

Àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NiMet, ni òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń ṣe ìkéde ọlọ́jọ́ mẹ́ta, a sì pín ilẹ̀ sí àríwá, àárín gbùngbùn àti gúúsù. A tún máa ń pín gúúsù sí àwọn ìlú inú ilẹ̀ àti àwọn ìlú etí òkun. N kò fi ojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Láti rí eruku lójú sátẹ́láìtì ní Chad, kí a sì ṣírò ọjọ́ tí yóò dé Èkó, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n níbo ni Àyèká wà nínú ìpín yìí? Àwọn ará Ìlàjẹ ni ó ni etí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni Àyèká kò jìnnà sí omi tó Àkúrẹ́ tí a máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ìpínlẹ̀. Bí olùgbọ́ bá gbọ́ pé eruku yóò wà ní inú ilẹ̀, àti pé òjò lè kán ní etí òkun, kò mọ èyí tí ó kan òun. A kò lè dárúkọ gbogbo abúlé lórí rédíò, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè kò ju pé kí a dárúkọ ilẹ̀ tí ó wà lẹ́nu ààlà, kí a sì jẹ́wọ́ fún àwọn ará ibẹ̀ pé ẹnu ààlà ni wọ́n wà.

Àbùkù kejì wà nínú ìtumọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìkéde náà ti máa ń ṣẹ̀ wá, ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rédíò ni ó wá ń tú u sí Yorùbá. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ gedegbe. Ọ̀kan ni ti omi: nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́ ní òru, tí ilẹ̀ sì tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a di funfun sórí ilẹ̀, a sì dí ni lójú. Èkejì ni ti eruku tí ọyẹ́ gbé wá. Nínú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ tí mo ti gbọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe méjèèjì: kùrukùru. Bẹ́ẹ̀, ìwà wọn kò bára mu rárá. Ti omi, oòrùn ni ọ̀gá rẹ̀. Bí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀, yóò túká. Ti eruku kò ka oòrùn sí. Ó lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Awakọ̀ tí ó gbọ́ nípa ti omi lè dúró jẹun ní Ọ̀rẹ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ó sì máa lọ ní àlàáfíà. Bí ó bá jẹ́ ti eruku, bí ó dúró di ọ̀sán, eruku náà ń dúró dè é. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà fún méjèèjì kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe. Èdè wa kò tòṣì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé “kùrukùru ìrì” fún ọ̀kan, kí a sì sọ pé “eruku ọyẹ́” fún èkejì. Ọmọ kékeré yóò gbọ́ ọ yé.

Ẹ tún wo òǹkà tí ó máa ń wà nínú ìkéde: pé ojú kò ní ríran kọjá mítà 1,000. Ta ni a ń bá wí? Awakọ̀ tí ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 36 kí ó tó rin mítà 1,000 tán. Bí ó bá ń rí ibẹ̀ yẹn, ó ń rí ohun tí ó tó o. Atukọ̀ òfurufú ni òǹkà yìí kàn, kò sì yani lẹ́nu, nítorí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni NiMet wà. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, bàálù kan tí ó ń kó àwọn tí ó lọ sí Mẹ́kà bọ̀ wálé já ní pápákọ̀ òfurufú Kánò nínú ojú ọjọ́ tí kò dára. Ènìyàn 176 ni ó kú. Nínú oṣù Kejì ọdún 2020, eruku ọyẹ́ mú kí ọ̀pọ̀ bàálù láti òkè òkun tí ó yẹ kí ó balẹ̀ ní Èkó lọ balẹ̀ ní Àkrà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gba ojú òfurufú wálé fún ọdún kò tó nǹkan lára àwọn tí ń gba orí ilẹ̀. Mítà 50 ni ó yẹ kí a máa sọ fún onímọ́tò, kí a sì sọ ibi tí ó ti rí bẹ́ẹ̀ àti wákàtí tí ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ń dà mí láàmú ni “àsọtẹ́lẹ̀” fúnra rẹ̀. Ní òpin oṣù Kejìlá, irú àsọtẹ́lẹ̀ méjì ni ó máa ń gba afẹ́fẹ́ kan lórí ilẹ̀ wa. Àwọn wòlíì a sọ ohun tí ọdún tuntun yóò mú wá. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ a sọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a sì fi ń pe iṣẹ́ wọn. Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni Robert FitzRoy, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sá fún nígbà tí ìwé ìròyìn The Times bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìkéde rẹ̀ jáde nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti wòlíì, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe. Ìṣirò lè kùnà láìjẹ́ irọ́. Ẹni tí ó bá rò pé wòlíì ni onímọ̀ ojú ọjọ́ yóò pè é ní òpùrọ́ nígbà tí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní fetí sí i mọ́. Bí mo bá ní àṣẹ, “ìṣirò ojú ọjọ́” ni à bá máa pè é.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ babaláwo, síbẹ̀. Bí ó bá dífá fún ènìyàn, kì í dá a dúró sórí ohun tí ó rí. Ó máa ń sọ ẹbọ tí ẹni náà yóò rú. Ìkéde ojú ọjọ́ wa máa ń ní ìmọ̀ràn lópin, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan náà ni fún gbogbo ènìyàn láti Ṣókótó dé Òkìtìpupa. Ẹbọ tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé kì í ṣe ẹbọ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan sì tún wà tí ó yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń béèrè níbẹ̀ bóyá yìnyín yóò rọ̀ ní ọjọ́ Kérésì. Àwọn onítẹ́tẹ́ tilẹ̀ ń ta á. Nítorí náà ni ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn ṣe fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀: bí a bá rí ẹyọ yìnyín kan ṣoṣo kí ó máa já bọ́ níbikíbi ní ilẹ̀ náà láàrin wákàtí 24 ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ó ti ṣẹ. Ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní tiwa, kò sí olùkéde tí mo tíì gbọ́ kí ó padà wá ní ọjọ́ kẹrin láti sọ pé, “Ohun tí a wí nìyí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí.”

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn àgbà Àyèká kò nílò rédíò. Lóòótọ́, wọ́n ní àmì tiwọn: igi rọ́bà a wọ́wé, ẹsẹ̀ a là, ilẹ̀kùn pákó a súnkì. Mo bọ̀wọ̀ fún àmì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kí a má ṣe kà wọ́n sí ohun tí wọn kò jẹ́. Ètè tí ó là ń sọ pé ọyẹ́ ti dé. Kò sọ ọ́ kí ó tó dé. Igi rọ́bà ń sọ ìgbà, kò sọ ọjọ́. Ohun tí àwọn àgbà mọ̀, tí sátẹ́láìtì kò mọ̀, ni ohun tí ọyẹ́ máa ń ṣe nígbà tí ó bá dé: ojú ọ̀nà tí ó máa ń dí, oko tí iná máa ń jó. Ìmọ̀ méjèèjì ni ó yẹ kí ó pàdé nínú gbólóhùn kan.

Irú ìkéde tí mo ń fẹ́ kò gùn. “Ẹ̀yin ará ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, eruku ti gbéra ní Chad. A ṣírò pé yóò dé ọ̀dọ̀ yín ní alẹ́ Ọjọ́rú. Bí a bá dá a sí mẹ́wàá, méje ni ó dá wa lójú. Eruku ọyẹ́ ni, oòrùn kò ní lé e lọ. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kí ó má jìnnà sí oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kí ó wọ aṣọ òtútù. Ẹni tí ń yan pupuru kí ó pa iná kí ó tó sùn. Ẹ má gba Ọ̀rẹ̀ kọjá ní òru. Ní ọjọ́ Àìkú, a ó sọ fún yín bóyá ó rí bí a ti wí.”

Kò sí ohun kan nínú èyí tí ó ju agbára àwọn onímọ̀ wa lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó ju agbára èdè Yorùbá lọ. Ẹni tí yóò jókòó láàrin àwọn méjèèjì ni a kò tíì ní: atúmọ̀ tí ó mọ ojú ọ̀nà Òkìtìpupa, tí ó sì mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ti di ẹrù sínú ọkọ̀.