Àlọ́, Àrokò àti Ehoro Wúrà: Ta Ni Àdììtú Ń Ṣí Sílẹ̀ Fún?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Kit Williams, ri ehoro wúrà kan mọ́lẹ̀ ní ọgbà Ampthill ní agbègbè Bedfordshire. Bamber Gascoigne ló bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni ìwé rẹ̀, Masquerade, jáde: àwòrán 15 àti ìtàn kékeré kan, tí ibi tí ehoro náà wà fara pamọ́ sínú wọn. Ìlérí òǹkọ̀wé ni pé bí ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Oxford ṣe lè rí ehoro náà ni ọmọ ọdún 10 tí orí rẹ̀ pé lè rí i. Nítorí àwọn tó wà lókè òkun, ó ní òun yóò gba ìdáhùn tó péye tó bá kọ́kọ́ tẹ òun lọ́wọ́ nípasẹ̀ lẹ́tà. Kò pọn dandan kí ẹni náà wá gbẹ́ ilẹ̀. Bí a bá wo ìlérí yìí lórí ìwé, ó kan ọmọ Ìkọ̀lé, tí ìlú rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, gan-an bí ó ṣe kan ọmọ Lọ́ńdọ̀nù.

Ìlérí náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, àlọ́ àpamọ̀ àti àrokò ni mo sì fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa tí a ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn sábà máa ń sọ pé àlọ́ àpamọ̀ ń pọ́n ọpọlọ ọmọdé, a ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. A kì í sábà béèrè ọpọlọ ọmọ ta ni, àti ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti ní lọ́wọ́ kí ó tó jókòó sídìí àlọ́. Ìwé Williams sọ ìbéèrè yìí di ọ̀ràn wúrà, ìdí nìyí tí ó fi wúlò fún wa.

Bí ìdáhùn ṣe fara pamọ́ sínú ìwé náà nìyí. Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, òǹkàwé ní láti fa ìlà láti ojú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan gba orí ìka ọwọ́ rẹ̀ tó gùn jù, àti láti ojú gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó tóbi jù, títí ìlà náà yóò fi kan lẹ́tà kan ní etí àwòrán. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ di gbólóhùn, gbólóhùn náà sì darí ẹni lọ sídìí òpó àgbélébùú tí wọ́n fi ṣèrántí Ayaba Catherine ti Aragon. Ibi tí ṣóńṣó òjìji òpó náà bá dé lọ́sàn-án gangan, ní ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, ibẹ̀ ni kí a gbẹ́.

Ìdí òjìji yìí ni mo ti kọ́kọ́ dúró. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí wa ní àríwá Èkìtì. Òpó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ní Ìkọ̀lé, òjìji rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Ní Ampthill, òjìji òpó kan náà yóò tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13. Ọmọ tí a tọ́ ní Ìkọ̀lé mọ òjìji àárọ̀, ó mọ ti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n òjìji ọ̀sán gbọọrọ tó ń tọ́ka sí nǹkan kò sí nínú ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ó lè kà nípa rẹ̀ nínú ìwé, bí ó ṣe ń kà nípa yìnyín. Ìlérí náà gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ tí òǹkọ̀wé rò pé gbogbo ayé ní, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ibi tó ń gbé ni.

Ti lẹ́tà tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹnì kan láàárín wa fẹ́ kọ irú ìwé yìí ní èdè Yorùbá. Bí ìlà bá kan g ní etí àwòrán, ṣé g ni àbí ìdajì gb? Ṣé a ó ka ẹ sí lẹ́tà ọ̀tọ̀, tàbí e tí kòkòrò bà lé nídìí? Ohùn ńkọ́, èyí tí kì í ṣe lẹ́tà, àmọ́ tí òun nìkan ya igbá, igba, ìgbà àti igbà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn? Bí òǹkọ̀wé bá sì fẹ́ kí lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú "ilé" tọ́ni sọ́nà, ọmọ Ìdó tàbí Ọ̀yẹ́ tí ó ń pè é ní "ulé" yóò ti ṣìnà kí ó tó jáde nílé. N kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé òǹkọ̀wé ní láti kéde òfin rẹ̀ ṣáájú, kí ó sọ irú Yorùbá tó fi pa nǹkan mọ́. Williams kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú àti ìka ni kọ́kọ́rọ́. Òun fúnra rẹ̀ nìkan ló mọ̀. (Kí a má tíì sọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ́. Ẹni tí wọ́n bá bá pẹ̀lú ọkọ́ lẹ́yìnkùlé baba ẹlòmíràn lóru ní Ọ̀yẹ́, kí ó tó ṣàlàyé pé ìwé ni òun kà, ọ̀ràn ti bẹ́yìn yọ.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ní 1982, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ken Thomas fi àwòrán wúruwùru kan ránṣẹ́ sí Williams. Ibi tí ó yà bá ti ehoro mu, òun ni wọ́n sì fún ní ehoro náà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìdáhùn àwọn olùkọ́ físíìsì méjì, Mike Barker àti John Rousseau, dé. Àwọn wọ̀nyí ló tú àdììtú náà láti inú ìwé, ó sì jọ pé wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ gan-an kan àpótí amọ̀ tí ehoro wà nínú rẹ̀ láìkíyè sí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, ìwé ìròyìn Sunday Times tú àṣírí: Dugald Thompson ni orúkọ Ken Thomas, alájọṣe òwò rẹ̀ sì ń bá obìnrin kan tó ti bá Williams gbé rí ṣe wọlé-wọ̀de. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn náà ṣe wí, inú ilé ni ìmọ̀ ibi tí ehoro wà ti jáde, kì í ṣe inú ìwé.

Ó rọrùn láti ka èyí sí èrú lásán kí a sì kọjá. Lójú tèmi, ó fi irú ìwé tí Masquerade jẹ́ hàn: àrokò ni, ó wọ aṣọ àlọ́. Lára àwọn àrokò Ìjẹ̀bú tí G. W. Bloxam ṣàfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àlàyé wọn jáde ní 1887, a rí bí owó ẹyọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹyọ mẹ́fà dúró fún "fà", pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ dúró fún "jọ", pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ìró orúkọ òǹkà ló ń gbé ìtumọ̀, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè tú u bí ó tilẹ̀ gbọ́n bí ìjàpá. Ẹni tó rù ú lè gbọ́ èdè kí ó má sì mọ̀ pé òun ru ọ̀rọ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé àrokò ṣègbè, nítorí kò ṣèlérí fún ẹlòmíràn rí. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ni ó ṣí fún. Ẹ̀bi Williams ni pé ó di ẹrù bí ẹni ń di àrokò, ó wá ń pe gbogbo ayé pé àlọ́ o.

Àlọ́ fúnra rẹ̀ kò mọ́ tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹ wo àlọ́ ìyá tó bí igba ọmọ tí gbogbo wọn lé tìróò: ojú dúdú tó wà lára erèé ni ẹ̀rí, ẹni tó bá ti ṣa ẹ̀wà rí lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni. Ẹ wá wo ti ẹni tó ń gba ojúde ọba kọjá tí kò kí ọba. Àgbàrá òjò ni ìdáhùn tí gbogbo wa mọ̀. Kí ló dé tí kì í ṣe afẹ́fẹ́? Kí ló dé tí kì í ṣe ewúrẹ́, tàbí òjìji? Kò sí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ àlọ́ náà tó lé àwọn wọ̀nyí jáde. A mọ̀ pé àgbàrá ni nítorí pé wọ́n ti sọ fún wa. Bí a bá fi òfin tí mo fi dá Williams lẹ́bi wọ̀n ọ́n, àlọ́ yìí náà yóò jẹ̀bi.

Ohun tí ó gbà á sílẹ̀ ni ibi tí ó ń gbé. Ẹni tó pa á wà níbẹ̀, a lè bi í, a lè bá a jà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lónìí yóò gbọ́ ìdáhùn kí ó tó sùn, lọ́la yóò pa á fún ẹlòmíràn. Ìdáhùn àlọ́ kì í tán nílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ti mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn ìwé ìṣúra ń pa ìwé náà ni. Byron Preiss ri àpótí 12 mọ́lẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà nítorí ìwé rẹ̀ The Secret, tó jáde ní 1982. Ó kú ní 2005, mẹ́ta péré ni wọ́n tíì rí. Max Valentin tó pa àdììtú Òwìwí Wúrà ní ilẹ̀ Faransé ní 1993 kú ní 2009, ó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2024 kí wọ́n tó tú u. Ènìyàn márùn-ún ló kú lẹ́nu wíwá ìṣúra Forrest Fenn kí wọ́n tó rí i ní 2020. Àlọ́ tí apààlọ́ ti kú kó tó dáhùn rẹ̀ kì í ṣe eré mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ìṣòro gan-an ni adùn, pé bí ó bá rọrùn, ta ni yóò wá a? Mo gbà wọ́n gbọ́ débì kan. Àkọlé ìwé Kọ́lá Akínlàdé kan, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, jẹ́ ìbéèrè tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ kúrò lára ìwé, àwọn ìtàn Ọládẹ̀jọ Òkédìjí láti Àjà Ló Lẹrù (1969) sì fi hàn pé ìlépa nìkan tó láti mú òǹkàwé jókòó. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tó gbẹ̀yìn wà fún gbogbo ẹni tó ra ìwé wọ̀nyí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò jọ dé ibẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ èyí kì í ṣe ehoro. Nínú ìdánwò kékeré kan tí mo ṣe fún kíláàsì mi, mo fi àlọ́ ojúde ọba sí i, máàkì méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ "afẹ́fẹ́", mo fa ìlà pupa sí i. Ní ilé tí a ti tọ́ ọ dàgbà, kò sẹ́ni tó pàlọ́ fún un rí. Ó ronú ni. Àwọn tó kọ "àgbàrá" kò ronú. Wọ́n ti gbọ́ ọ nílé, bí Thompson ṣe gbọ́ tirẹ̀. Èmi ni mo ri wúrà sábẹ́ àlọ́ nígbà tí mo so máàkì mọ́ ọn, mo wá fún ẹni tó gbọ́, mo sì dá ẹni tó tú u lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ìwé kíkà tí a fi ń kọ́ Yorùbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: àlọ́ lójú ewé kan, ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ́yìn ìwé. Bí a bá fẹ́ fi àlọ́ dán ènìyàn wò, ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi mú ìdáhùn rẹ̀ ló yẹ kí a fún ní máàkì, kí ìdáhùn tí ìran mọ̀ sì jẹ́ ohun tí a ó kọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn, ní gbangba, fún gbogbo kíláàsì.

Mo pè é, mo dá máàkì méjèèjì padà fún un. Ó wo ìwé rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ ṣeun sà. Ṣé àgbàrá ò wá tọ̀nà mọ́ ni?"