Ọwọ́ Àgùdà Lára Ilé Ṣómólú

Àwọn tó ń fi ilé Ṣómólú àti Bárígà ní Èkó ṣe yẹ̀yẹ́ pọ̀. Wọ́n á ní féèsì-mi-àí-féèsì-yù lásán ni: páséèjì kan gbọọrọ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n páséèjì yẹn kì í ṣe ọmọ àlè. Ó ní ìdílé, Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó sì ni ìdílé rẹ̀ wà.

Agbo ilé ni àwọn baba wa ń kọ́ tẹ́lẹ̀, àgbàlá á wà láàárín, yàrá á yí i ká. Nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé, bíríkìlà àti káfíńtà sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn là ń pè ní Àgùdà, àwọn ló sì gbé ilé onípáséèjì dé. João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ní kékeré, kọ́ tirẹ̀ sí òpópónà Kakawa. Kànga inú ọgbà ilé náà ni wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará Èkó nígbà tí kò tíì sí omi ẹ̀rọ, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Casa da Água, Ilé Olómi. Antonio Olinto, ará Brazil, fi orúkọ yìí kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ní 1969.

Ilé tó dùn mí jù nínú wọn ni Ilojo Bar. Ní nǹkan bí 1855 ni wọ́n kọ́ ọ sí ìdí Ìta Tinúbú, ìdílé Fernandez ló ni ín; ní 1933 ìdílé Olaiya, ará Ìjẹ̀ṣà-Isu Èkìtì, rà á. Ilé bàbá Victor Olaiya tó fọn kàkàkí háílàìfù nígbà ayé rẹ̀ nìyẹn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni nígbà tó ṣì wà. Àwọn ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé rẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ máa ń bá, tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ bíríkìlà mọ̀ pé irú orí ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ojú wọ̀n. Káfíńtà ló ń kọ́kọ́ ṣe férémù onígi tó tẹ̀. Bíríkìlà á wá máa to bíríkì lé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń súnmọ́ ara wọn, títí yóò fi ku àyè ẹyọ kan péré lókè téńté. Ẹyọ yẹn ló ń há gbogbo ìyókù mọ́ra. Bí wọ́n bá yọ igi kúrò tí nǹkan kan ò mì, iṣẹ́ ti yọrí nìyẹn.

Àwọn Àgùdà ò sì fi iṣẹ́ yìí pamọ́ fún ara wọn. Nígbà tí Mohammed Shitta, oníṣòwò ọmọ Sàró, fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí tí Gómìnà Carter ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje, 1894, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà ló gbé iṣẹ́ náà fún. Sanusi Aka, Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, ló bá a ṣe é. Ẹ gbé ìyẹn wò: Kátólíìkì àti Mùsùlùmí lórí àkàbà kan náà. Láti ọwọ́ irú Sanusi bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ń gbà á, tí ilé olódòdó sìmẹ́ǹtì fi dé Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Òṣogbo.

Bó ṣe dé Ṣómólú náà nìyẹn, àmọ́ owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Láti 1955 ni àjọ tó ń tún Èkó ṣe ti ń wó ilé láàárín Erékùṣù. Ìlú ń kún, èèyàn ń wá ibi tí wọn ó gbé. Ṣómólú àti Bárígà kò sì sí lábẹ́ Èkó nígbà yẹn, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló ni wọ́n títí di 1967, nítorí náà ọwọ́ àjọ yẹn ò dé ibẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù rí i pé páséèjì Àgùdà rọrùn láti fi gbowó ilé. Ohun tó jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo di ti ìdílé mẹ́wàá, wọ́n wá fún páséèjì náà pọ̀, òkùnkùn gbà á. Mi ò lè yìn wọ́n fún ìyẹn.

Ojú ilé ni mo lè yìn. Ẹ rìn gba Jagunmólú ní Bárígà, kí ẹ wo òkè fèrèsé àwọn ilé àtijọ́. Ẹ ó rí ìlà sìmẹ́ǹtì mẹ́ta mẹ́rin tó yọ síta, tó lọ gbọnrangandan láti igun dé igun. Bíríkìlà á kan pákó tó tọ́ mọ́ ara ògiri, á gé páànù sí bátànì ìlà tó ń fẹ́, á lẹ sìmẹ́ǹtì tútù, á wá fi páànù náà fà á lórí pákó lọ. Ó máa ń rí jágajàga nígbà àkọ́kọ́. Á tún lẹ ẹ́, á tún fà á, títí etí ìlà náà á fi mú. Bó bá falẹ̀, sìmẹ́ǹtì á gan mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá kánjú, á ya bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ tó ṣe é kò gbọn.

Òfin ò gba Ilojo Bar là. Ní 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, 2016, tí ọdún Iléyá ku ọ̀la, wọ́n wó o palẹ̀. Bí ilé tí òfin ń ṣọ́ bá lè lọ báyẹn, ta ni yóò ṣọ́ ti Bárígà tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan?

Ẹ̀yin tí ẹ jogún irú ilé bẹ́ẹ̀, mi ò ní kí ẹ má tún un kọ́. Ẹbí ń pọ̀, owó sì ṣòro. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe àwọn tó máa wó o, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ wọn páséèjì rẹ̀, kí ẹ sì bi àgbà tó bá ṣì wà nínú ilé léèrè orúkọ bíríkìlà tó rẹ́ ògiri yẹn. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀.